Bàálù Afẹ́fẹ́ Gbígbóná: Bí Ó Ṣe Ń Balẹ̀ àti Ohun Tí Èrò Gbọ́dọ̀ Mọ̀

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dáná sun oko rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti rí i bí èéfín àti eérú ṣe máa ń gòkè lọ sí ojú ọ̀run. Ooru ni ó ń gbé wọn lọ. Afẹ́fẹ́ tí iná bá mú gbóná a máa fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ tútù tí ó yí i ká lọ, ìdí nìyí tí ó fi ń gòkè. Orí ọgbọ́n kan ṣoṣo yìí ni bàálù afẹ́fẹ́ gbígbóná dúró lé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń pe ọkọ̀ òfurufú ní bàálù, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀kọ́ yìí dá lé lórí yàtọ̀ sí i. Kò ní ìyẹ́, kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sì sí ohun tí a lè fi darí rẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Àpò aṣọ ńlá kan ni, tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀. Agbọ̀n tí a fi pankẹ́rẹ́ hun ni a so mọ́ abẹ́ rẹ̀, inú agbọ̀n náà ni atukọ̀ àti èrò máa ń dúró sí. Bí atukọ̀ bá fẹ́ gòkè, a tan iná gáàsì sí ẹnu àpò náà. Bí ó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, a jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tutù, tàbí kí ó fa okùn tí ń ṣí ihò kan ní orí àpò. Ibi tí atẹ́gùn bá kọrí sí ni bàálù ń lọ.

Ilẹ̀ Faransé ni a ti kọ́kọ́ fi irú bàálù yìí gbé ènìyàn. Àwọn Montgolfier, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí iṣẹ́ ìdílé wọn jẹ́ ṣíṣe pépà, ni wọ́n ṣe é. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1783, wọ́n fi àgùntàn kan, pẹ́pẹ́yẹ kan àti àkùkọ kan ránṣẹ́ sí òkè ní Versailles lójú ọba, àwọn ẹran náà sì padà wálẹ̀ láàyè. Ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Pilâtre de Rozier àti Marquis d'Arlandes fò kọjá lórí ìlú Paris fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Iná tí wọ́n ń dá bẹ̀rẹ̀ sí í jó aṣọ bàálù náà, kànìnkànìn tí ó rin fún omi ni wọ́n sì fi ń pa á. Láti ọjọ́ náà ni ó ti hàn pé iná tí ń gbé bàálù ròkè lè di ọ̀tá rẹ̀.

Bíbalẹ̀ ni ó ṣòro jù nínú ìrìn àjò náà. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni a sábà máa ń gbéra, nítorí pé atẹ́gùn máa ń rọlẹ̀ nígbà náà. Pápá gbalasa tí kò ní igi, ilé tàbí wáyà iná mànàmáná ni atukọ̀ ń wá láti balẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, ní Carterton ní ilẹ̀ New Zealand, atukọ̀ kan gbìyànjú láti gòkè kọjá wáyà iná, bàálù náà sì kọlù ú. Gbogbo ènìyàn 11 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú. Bí a kò bá lè yẹ wáyà sílẹ̀ mọ́, ohun tí ó tọ́ ni kí atukọ̀ sọ bàálù kalẹ̀ kíákíá, kí wáyà lè kan aṣọ òkè dípò agbọ̀n.

Bí atẹ́gùn bá lágbára, ilẹ̀ lè wọ́ agbọ̀n, ó sì lè dojú dé kí ó tó dúró. Nítorí náà, kí èrò kẹ́yìn sí ibi tí bàálù ń lọ, kí ó fi ẹ̀yìn ti ara agbọ̀n, kí ó tẹ eékún díẹ̀, kí ó di okùn inú agbọ̀n mú ṣinṣin, kí ó má sì na ọwọ́ síta. Kí ó dúró bẹ́ẹ̀ títí atukọ̀ yóò fi ní kí ó jáde.

Àṣẹ ìkẹyìn yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ. Ẹni tí ó ń wọ ọkọ̀ ojú omi mọ̀ pé bí ènìyàn kan bá fò sí èbúté lójijì, ọkọ̀ a fúyẹ́, a sì mì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni bàálù. Ìwúwo àwọn èrò wà lára ohun tí ó ń mú un wálẹ̀. Bí ẹnì kan bá jáde láìtọ́jọ́, ó lè tún gbé àwọn yòókù ròkè.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2013, ní Luxor ní ilẹ̀ Íjíbítì, bàálù kan tí ó gbé ènìyàn 21 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀ nígbà tí gáàsì jò lára rọ́bà kan, tí ó sì gbiná. Atukọ̀ àti èrò kan fò jáde, wọ́n sì yè. Bàálù tí ó ti fúyẹ́, tí iná sì tún ń mú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbóná sí i, ròkè, lẹ́yìn náà ó já lulẹ̀. Ènìyàn 19 ni ó kú.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 2025, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Praia Grande, ní gúúsù ilẹ̀ Bùràsíìlì. Iná sọ nínú agbọ̀n tí ó gbé ènìyàn 21. Atukọ̀ mú bàálù sún mọ́ ilẹ̀, ó sì pàṣẹ kí wọ́n fò jáde. Ènìyàn 13 yè, atukọ̀ wà lára wọn. Ṣùgbọ́n kí gbogbo wọn tó jáde tán, bàálù ti fúyẹ́, ó sì tún gbéra. Ènìyàn 8 ni ó kú.

Kò sí ẹni tí yóò dá ẹni tí iná ń lé lẹ́bi pé ó fò. Nígbà tí iná bá ti gba agbọ̀n, bí a dúró ewu ni, bí a fò ewu ni. Nítorí náà, kí a tó gbéra ni ìtọ́jú ẹ̀mí ti ń bẹ̀rẹ̀. Atukọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ sílíńdà àti rọ́bà gáàsì wò fínnífínní, nítorí pé gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá jò, ìsàlẹ̀ agbọ̀n, níbi ẹsẹ̀ àwọn èrò, ni ó ń kó jọ sí. Ohun èlò ìpaná gbọ́dọ̀ wà nítòsí. A gbọ́dọ̀ kọ́ èrò bí a ti ń dúró nígbà bíbalẹ̀. Bí atẹ́gùn bá sì le, kí atukọ̀ má gbéra, bí èrò tilẹ̀ ti sanwó. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
1. Kí ni ó ń mú bàálù afẹ́fẹ́ gbígbóná gòkè?
2. Kí ni ìdí tí èrò kò fi gbọdọ̀ jáde kí atukọ̀ tó pàṣẹ?
3. Kí ni ó yẹ kí atukọ̀ yẹ̀ wò kí ó tó gbéra?