Oògùn Ojú fún Ẹran Ilé

Ní Ijapo Estate, ní Àkúrẹ́, ajá ló ń ṣọ́ géètì ọ̀pọ̀ ilé. Ẹlòmíràn ń sin adìyẹ sẹ́yìn ilé, ẹlòmíràn sì so àgbò mọ́lẹ̀ de Iléyá. Bí ojú ọ̀kan nínú wọn bá pọ́n, tó ń ṣomi, tí ipin ń dí i, oògùn tí ọmọ lò nígbà tí àrùn ojú Àpólò mú un ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ rántí. Ó ṣì ṣẹ́kù díẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n á wá a jáde, wọ́n á fi sójú ẹran.

Nígbà mìíràn, oògùn náà á ṣiṣẹ́. Nígbà mìíràn, ó lè fọ́ ojú ẹran náà pátápátá. Ohun tó ń fa ìyàtọ̀ yìí wà nínú àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ̀ sára ìgò àti páálí, ẹ̀yin tí ẹ sì ti kàwé dé ibí lè kà wọ́n fúnra yín.

Ẹ kọ́kọ́ wá lẹ́tà mẹ́rin yìí: s-o-n-e. Ìparí orúkọ ni wọ́n máa ń wà: dexamethasone, betamethasone, hydrocortisone. Prednisolone náà wà lára wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìparí tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Sítẹ́rọ́ìdì ni gbogbo wọn. Iṣẹ́ wọn ni láti mú kí ohun tó wú rọlẹ̀, kí ohun tó pọ́n sì mọ́. Wọ́n wúlò gan-an lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ wọ́n lò. Ṣùgbọ́n bí ọgbẹ́ bá wà lójú ẹran, ìpọ́njú ni wọ́n ń fà. Sítẹ́rọ́ìdì kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ ojú tètè jiná, kì í sì í jẹ́ kí ara bá kòkòrò àìsàn jà bó ṣe yẹ. Pípọ́n ojú á lọ, inú olówó ẹran á dùn, àmọ́ ọgbẹ́ náà á máa jinlẹ̀ lábẹ́nú títí yóò fi lu awọ ẹyinjú já. Ojú tó bá ti lu báyìí, ó ṣòro kó tún ríran.

Ọgbẹ́ ojú kò sì jìnnà sí ẹran. Ẹ̀gún lè gún un, èékánná ológbò lè ya á, koríko gbígbẹ lè há sí ewúrẹ́ lójú. Ejò kan tilẹ̀ wà tó máa ń tu oró sí ajá lójú láti òkèèrè. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, omi tó mọ́ ni oògùn àkọ́kọ́. Ẹ máa dà á sójú ajá náà lọ́pọ̀lọpọ̀, fún bí ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Dókítà ní ọ̀nà tó fi ń mọ ojú tó ní ọgbẹ́. Aró kan wà tí wọ́n ń pè ní fluorescein, tí Adolf von Baeyer, ará Jámánì, kọ́kọ́ ṣe ní 1871. Dókítà á kán an sójú, á fi omi ṣàn án. Ibi tí awọ ojú kò bá ti bó, aró náà á ṣàn lọ. Ibi tó bá ti bó, aró á dúró, àwọ̀ ewé á sì hàn níbẹ̀. Kò gba àkókò rárá. Èmi gbà pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba sítẹ́rọ́ìdì fún ojú ẹran rẹ̀ láìbèèrè pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti fi aró wò ó?"

Orúkọ kejì tí ẹ ó máa rí ni tetracycline àti ìbátan rẹ̀, oxytetracycline. Àwọn yìí ń bá bakitéríà jà. Wọ́n dára fún àrùn ojú tí eṣinṣin ń gbé láti ojú màlúù kan dé ojú òmíràn, àti èyí tí ń ran ewúrẹ́ àti àgùntàn nínú agbo. Nítorí náà, ẹ ya ẹran tí ojú ń dùn sọ́tọ̀ kí ẹ tó wá oògùn. Ìṣòro ìpara tetracycline ni pé omijé ń fọ̀ ọ́ dànù, ó sì yẹ kí a fi sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Ta ni yóò máa mú màlúù mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́? Ìdí nìyẹn tí dókítà fi sábà máa ń gún un ní abẹ́rẹ́ oxytetracycline tó ń pẹ́ lára, èyí tí wọ́n kọ L.A. sí lára ìgò. Oògùn náà á gba inú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú omijé.

Lára ìgò L.A. yẹn kan náà, ẹ wá iye ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ fi dúró kí a tó pa ẹran náà jẹ. Lára ọ̀pọ̀ ìgò, ọjọ́ 28 ni. Ẹni tó gún àgbò rẹ̀ nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì, oògùn ló ń bù fún àlejò mọ́ ẹran. Chloramphenicol, tó wọ́pọ̀ ní kẹ́míìsì, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà lè lò ó fún ajá àti ológbò, àmọ́ láti 1994 ni wọ́n ti fòfin dè é ní ilẹ̀ Yúróòpù fún ẹran tí a ń jẹ, nítorí pé ó lè dá ara àwọn èèyàn kan dúró láti máa ṣe ẹ̀jẹ̀.

Àwọn ojú kan wà tí oògùn ojú kò lè wò, torí pé ara ni àìsàn náà wà. Bí awọ ojú ajá bá ṣú bí omi tí a da wàrà sí, tí ara rẹ̀ gbóná, tó ń rù, tí èrìgì rẹ̀ sì funfun, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ kòkòrò trypanosoma tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Abẹ́rẹ́ diminazene ló ń pa á, ìwọ̀n ara ajá ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n rẹ̀, torí àpọ̀jù rẹ̀ ń ba ọpọlọ jẹ́.

Ti ewúrẹ́ ni àrùn tí wọ́n ń pè ní kata. Ojú á máa ṣomi, imú á máa ṣàn, ẹnu á dégbò, ìgbẹ́ gbuuru á sì tẹ̀lé e. Fáírọ́ọ̀sì ló fà á, tetracycline kò sì lè pa fáírọ́ọ̀sì. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dènà rẹ̀, orílẹ̀-èdè wa sì ní ipa ńlá nínú rẹ̀: irú fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí ní Nàìjíríà ní 1975 ni wọ́n sọ di aláìlágbára láti fi ṣe àjẹsára náà. Orúkọ rẹ̀, Nigeria 75/1, ṣì wà lára àjẹsára tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ òkèèrè.

Fún adìyẹ, òórùn bí ti ìtọ̀ tó ń ta ni lójú nínú ilé wọn ń ta àwọn náà lójú. Ẹ kó èérún igi tó ti rin kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹ má na owó sórí oògùn kankan kí ẹ tó ṣe èyí.

Bí dókítà bá ti fún yín ní oògùn, ẹ fọwọ́, ẹ fi òwú àti omi tí a sè tó ti tutù nu ipin kúrò. Ẹ gba ẹ̀yìn orí ẹran náà wá kó má baà ta kìjí, ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, kí ẹ kán oògùn sáàárín. Ẹnu ìgò kò gbọ́dọ̀ kan ojú. Bó bá jẹ́ oògùn méjì, ẹ fún èkíní ní ìṣẹ́jú márùn-ún; olómi ló ń ṣáájú ìpara. Bí ojú náà bá ṣì wà ní dídì lọ́jọ́ kejì, ẹ padà lọ, kí ẹ sì mú gbogbo ìgò àti páálí tí ẹ ti lò dání, títí kan èyí tí ẹ rà ní kẹ́míìsì.