Òkun Kì Í Hó Ruru Kí A Wà Á Ruru: Ìmọ̀ràn fún Ará Ìbàràpá Tó Fẹ́ Rìn Létí Òkun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ẹni tí inú ń bí tàbí ẹni tí ọ̀ràn ńlá dé bá ni a sábà máa ń fi òwe yìí pẹ̀tù sí lọ́kàn, kí ó má baà fi ìkánjú wá ojútùú ohun tó ń béèrè sùúrù. Síbẹ̀, ìmọ̀ awakọ̀ ojú omi ni òwe náà dúró lé, nítorí ẹni tó bá ko ìgbì lójú nígbà tí ìgbì ń ru kì í sábà padà wá ròyìn. Ìmọ̀ yìí gan-an ni ọmọ Èrúwà, Ìgbò-Ọrà, Lánlátẹ̀ àti àwọn ìlú Ìbàràpá yòókù nílò bí wọ́n bá ń gbèrò láti lọ nasẹ̀ létí òkun. Etíkun tó sún mọ́ ilẹ̀ Yorùbá tẹ́jú, kò ní òkè tí a ń pọ́n bí àwọn òkè olókùúta Ìbàràpá, ó sì rọrùn fún ẹsẹ̀ àgbà àti ọmọdé. Ewu rẹ̀ kò sí lórí iyanrìn, inú omi ló wà. Ẹni tó bá gbà pé ẹ̀gbẹ́ òkun ni a ń rìn, tí kò sì gbìyànjú láti wọ inú rẹ̀, ti rí ìdajì ààbò rẹ̀ kó tó kúrò nílé.

Òkun kò jìnnà sí Ìbàràpá tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń rò ó. Odò Ògùn, tó ní orísun ní agbègbè Ṣakí, tó gba ìhà ìlà-oòrùn Ìbàràpá kọjá, tó sì la Abẹ́òkúta já, inú ọ̀sà Èkó ló ń já sí, tí ó fi jẹ́ pé omi òjò tó rọ̀ sórí oko ẹ̀gẹ́ àti oko ẹ̀gúsí ti mọ ọ̀nà etíkun ṣáájú àwọn tó ni oko náà. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí ènìyàn bá rìn jìnnà, yóò rí abuké erin. Àmọ́ rírìn jìnnà nìkan kò tó, ó yẹ kí arìnrìn-àjò mọ irú etíkun tí òun ń lọ.

Oríṣi méjì ni etíkun tó wà níwájú ilẹ̀ Yorùbá. Èkíní ni etíkun oníyanrìn, tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnubodè orílẹ̀-èdè Benin, tó gba Àgbádárìgì kọjá dé Èkó àti Lẹ́kì. Níbẹ̀, ilẹ̀ iyanrìn tóóró kan wà láàrin omi méjì: òkun wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà sì wà ní àríwá rẹ̀. Ọ̀sà ni omi tó tẹ́ rẹrẹ, tí ilẹ̀ iyanrìn yà sọ́tọ̀ kúrò lára òkun, tí ìgbì rẹ̀ kò sì le. Èkejì ni etíkun ẹlẹ́rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí Ayétòrò, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ̀dó ní 1947, ti ń bá òkun tó ń jẹ ilẹ̀ wọn jìjàkadì. Ibẹ̀ yẹ ní ṣíṣàbẹ̀wò fún ìtàn rẹ̀ àti fún ìbánikẹ́dùn, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ kò gba ìrìn ìgbafẹ́. Etíkun oníyanrìn ni ẹni tó ń wá ìrìn ìrọ̀rùn yóò yàn, àti nínú rẹ̀, ìhà Àgbádárìgì ni, nítorí pé ariwo orin àti èrò tó kún etíkun Èkó lópin ọ̀sẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti Èrúwà gbéra lè gba Ìgbò-Ọrà lọ sí Abẹ́òkúta, kí ó gba ibẹ̀ dé Èkó, kí ó sì bọ́ sí títì tó lọ sí Àgbádárìgì. Kò bọ́gbọ́n mu láti fi ọjọ́ kan ṣoṣo lọ kí a sì bọ̀, nítorí pé sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ lè gba gbogbo ọ̀sán, ẹni tó bá sì dé etíkun nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìkánjú àtipadà ni kì í tẹ́tí sí ìkìlọ̀. Kí a sùn sí Àgbádárìgì mọ́jú ló dára jù, kí ọjọ́ kejì lè jẹ́ ti ìrìn.

Ìrìn kìíní ni èyí tí a lè rìn nínú ìlú, lẹ́bàá ọ̀sà, tó sì bá ẹni tí orúnkún ń dùn tàbí ẹni tó mú ọmọ kékeré dání mu. Ojú ọ̀nà tẹ́jú, àwọn ibi ìtàn kò jìnnà síra wọn, a sì lè jókòó sinmi láàrin wọn. Níbẹ̀ ni ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, kọ́ parí ní 1845, ọdún tí Samuel Àjàyí Crowther àti Henry Townsend, tí wọ́n jẹ́ míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ náà, dé sí Àgbádárìgì kí wọ́n tó kọjá lọ sí Abẹ́òkúta ní 1846. Níbẹ̀ ni a ti ń rántí igi Agia, lábẹ́ èyí tí a ti wàásù ìhìn rere ní 1842, tó sì wó ní 1959. Ilé tí Sẹ́ríkí Williams Abass fi ń kó ẹrú pamọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òun tí àwọn òǹkọ̀tàn sọ pé wọ́n mú lẹ́rú ní kékeré láti ilẹ̀ Yewa, kó tó padà di ọlọ́jà ẹrú fúnra rẹ̀. Àwọn yàrá tí wọ́n ń kó ènìyàn sí kéré débi pé ẹni tó bá wọlé yóò fẹ́ tètè jáde. Kí ó dúró díẹ̀, kí ó gbọ́ àlàyé afinimọ̀nà tán.

Ìrìn kejì gba ọ̀sà kọjá. A ó wọ ọkọ̀ ojú omi láti èbúté Àgbádárìgì lọ sí erékùṣù Gberefu, lẹ́yìn náà ni a ó fi ẹsẹ̀ rìn láàrin igi àgbọn àti iyanrìn títí a ó fi dé etí òkun, ìrìn tí kò gbà tó wákàtí kan fún ẹni tó ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ tó ń kó wọn lọ sí Amẹ́ríkà àti Brazil, òwò ẹrú náà kò sì tán nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kà á léèwọ̀ ní 1807. Kànga kan wà lójú ọ̀nà, ìtàn ẹnu àwọn ará ibẹ̀ sì sọ pé wọ́n ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ìrìn náà rọrùn fún ẹsẹ̀, ọkàn ni ó wúwo fún. Nítorí náà, bí a ṣe ń rìn ní ìtẹ́ òkú ni kí a rìn ín, kí a má gbé ẹ̀rọ orin dání, kí a sì ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ṣáájú pé ojú ọ̀nà yìí ni àwọn kan ti rí ilé kẹ́yìn.

Ẹni tó bá ní àyè lè fi ìrìn kẹta kún un, ní Ouidah lórílẹ̀-èdè Benin, níbi tí ọ̀nà ẹrú kan tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 4 ti wá láti àárín ìlú dé etí òkun. Àwọn ère wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ńlá tí wọ́n kọ́ ní 1995 fún ìrántí àwọn tí kò padà sì wà ní òpin rẹ̀. Ọ̀nà náà tẹ́jú, ṣùgbọ́n ìbòòji kò pọ̀ lórí rẹ̀, òwúrọ̀ ni ó yẹ kí a rìn ín. Kí ẹni tó ń lọ mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ dání, kí ó má gbà kí ẹnikẹ́ni gba ọ̀nà ẹ̀bùrú mú òun kọjá ẹnubodè.

A kì í rídìí òkun, a kì í rídìí ọ̀sà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gbójú lé omi ni kò mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìgbì tó ń fọ́ létíkun Àgbádárìgì kì í ṣe ti afẹ́fẹ́ ibẹ̀ nìkan. Ìjì tó jà ní ọ̀nà jíjìn ní gúúsù òkun Àtìláńtíìkì ló rán púpọ̀ nínú wọn wá, ìdí sì nìyí tí òkun fi lè máa hó nígbà tí imọ̀ àgbọn kò mì. Omi tí ìgbì gbé wá sí etíkun gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà, ó sì máa ń kó ara jọ sójú kan, kí ó ṣàn padà sínú òkun pẹ̀lú agbára tó ju ti òmùwẹ̀ lọ. Ohun tó ń tan àlejò jẹ ni pé ìgbì kì í fọ́ púpọ̀ lójú ibi tí ìṣàn yìí bá wà, tí ibẹ̀ fi máa ń dà bí ibi tó dákẹ́ jù. Àlejò a yan ibi tó dákẹ́, òun gan-an ni yóò sì gbé e lọ. Ẹni tí irú ìṣàn bẹ́ẹ̀ bá mú kò gbọ́dọ̀ bá a jà: kí ó léfòó, kí ó nawọ́ sókè, kí ó sì máa lúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, bí etíkun ṣe lọ, títí yóò fi bọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó wà lókè kò gbọ́dọ̀ bẹ́ sínú omi tẹ̀ lé e, nítorí ọ̀nà tí òkú kan ń gbà di méjì nìyẹn. Kí ó ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo tó ní ìdérí sí i, kí ó sì ké pe àwọn apẹja.

Agbára omi yìí hàn nínú ìtàn Èkó fúnra rẹ̀. Láàrin 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn to òkúta gbọọrọ wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó, kí iyanrìn má baà dí ọ̀nà àwọn ọkọ̀ ńlá. Òkun a sì máa gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn létíkun yìí. Nígbà tí òkúta dí i lọ́nà, iyanrìn gbá jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ ní apá kejì, ní etíkun Victoria Island, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Omi tó lè kó ilẹ̀ lọ báyìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi okun ẹsẹ̀ rẹ̀ dán wò.

Ní ti àkókò, oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni ó rọrùn jù, nítorí pé ìgbì máa ń le sí i nígbà òjò, ojú ọ̀nà sì máa ń di ẹrẹ̀. Òkun a máa kún, a sì máa fà, ní ẹ̀ẹ̀mejì-mejì láàrin ọjọ́ kan, ìyàtọ̀ àárín kíkún àti fífà náà tó nǹkan bíi mítà kan létíkun wa, àkókò rẹ̀ sì ń fi nǹkan bíi ìṣẹ́jú 50 sún síwájú lójoojúmọ́. Ìgbà tí omi bá fà ni kí a rìn, torí iyanrìn tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ a máa le, ẹsẹ̀ kì í sì í rì nínú rẹ̀ bíi ti iyanrìn gbígbẹ. Etíkun sábà máa ń dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí ìhà omi, tí ẹsẹ̀ kan fi ń wà nísàlẹ̀ ju èkejì lọ. Ẹni tí ìbàdí ń dùn kò gbọ́dọ̀ rìn jìnnà ní apá kan ṣoṣo. Kí a bẹ̀rẹ̀ ní kùtù, kí a sinmi nígbà tí oòrùn bá mú, kí a dé fìlà tàbí kí a wé gèlè, kí a sì gbé omi mímu dání, nítorí afẹ́fẹ́ òkun kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé oòrùn ń gbẹ òun. Ìdí igi àgbọn tó so kì í ṣe ibi ìsinmi.

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Abèèrè kì í sì í ṣìnà. Àwọn Ègùn, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn onílé Àgbádárìgì, àti àwọn apẹja etíkun mọ ọjọ́ tí omi dára, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí kò dára. Kí àlejò kí wọn dáadáa, kí ó béèrè ibi tí òun lè rìn dé, kí ó má ya àwòrán ojúbọ tàbí ti ènìyàn láìgbàṣẹ, kí ó má sì wọ ọkọ̀ ojú omi láìwọ ẹ̀wù amúniléfòó, bó ti wù kí ọ̀sà náà dákẹ́ tó. Kí ó ra àgbọn àti ẹja lọ́wọ́ wọn, kí ó sì kó ọ̀rá omi tó mu tán padà. Àwọn ìjàpá òkun ń gun etíkun yìí lóru láti yé ẹyin, ọ̀rá sì ń pa wọ́n.

Àwọn olùkọ́ àti olórí ẹgbẹ́ tó ń kó ọmọ lọ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kí àgbà kan ṣíwájú, kí òmíràn kẹ́yìn, kí àwọn àgbà yòókù sì máa rìn ní ìhà omi, kí àwọn ọmọ wà ní ìhà ilẹ̀. Kí a ka iye wọn kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi, kí a tún un kà létí òkun, kí a sì kà á nígbà tí wọ́n bá padà dé èbúté kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí apẹja bá ní òkun kò dára lọ́jọ́ náà, ìrìn ẹ̀bá ọ̀sà tó fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan, kí olórí sì ní ìgboyà láti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ti sanwó ọkọ̀ wá láti Èrúwà.