Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Tíṣà Tó Fẹ́ Fi Íntánẹ́ẹ̀tì Kọ́ Ọmọ

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn tó ń ná ọjà Òjé n'Ìbàdàn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ìtàdógún bá pé, tí wọ́n ń ná ọjà aṣọ òfì, àwọn ahunṣọ tó ti Ìsẹ́yìn wá kì í gbé òfì sórí wá sọ́jà kí wọ́n tó máa wá òwú. Aṣọ tó ti jáde lórí òfì, tí wọ́n ti ká, ni wọ́n ń kó wá. Bó ṣe yẹ kí tíṣà tó fẹ́ lo ohun ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe náà nìyẹn: kó ti ṣe é tán nílé kó tó wọ kíláàsì.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ wa ti ń kọsẹ̀. Tíṣà á gbọ́ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà lórí YouTube, á mú fóònù wọ kíláàsì tí ọmọ kún fọ́fọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa pòòyì, ìpolówó ọjà á kọ́kọ́ yọjú, ariwo á sì ta. Kí fídíò tó bẹ̀rẹ̀, aago ti lù. Dátà tí tíṣà fowó ara rẹ̀ rà ti jó lọ. Bó bá di ọjọ́ kejì, á ní ti àwọn ilé ìwé olówó lọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe tiwọn nìkan o. Àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba ní Òjé, Bẹẹrẹ àti Mápó ló tilẹ̀ nílò rẹ̀ jù, nítorí àwọn ni ilé ìwé wọn kì í sábà ní yàrá tí wọ́n ti ń dán ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì wò.

Kí ẹ̀rọ máa ran tíṣà lọ́wọ́ kò ṣàjèjì n'Ìbàdàn. Nígbà tí WNTV, tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé wà lára ohun tí ìjọba Awólọ́wọ̀ torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó lè ní kí tẹlifíṣàn ọjọ́ náà dúró, kó tún un sọ. Tòde òní ṣeé dá dúró, ó ṣeé tún ṣe, ọmọ sì lè fọwọ́ ara rẹ̀ tì í.

Ẹ wo PhET, ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì tí ọmọ ti lè fọwọ́ ara rẹ̀ dán ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì wò. Carl Wieman, ọ̀kan nínú àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ físíìsì lọ́dún 2001, ló dá a sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2002. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè gba ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà lálẹ́, kẹ́ ẹ sì ṣí i lọ́jọ́ kejì láìsí dátà rárá. Mo fẹ́ràn èyí tó dá lórí iná mànàmáná jù. Ọmọ á fi ìka fa bátìrì sí àárín ojú fóònù, á fa wáyà, á fa gílóòbù, á so wọ́n pọ̀. Gílóòbù á tàn, àwọn kóro kéékèèké aláwọ̀ búlúù á sì máa rìn lọ nínú wáyà. Bó bá tú wáyà kan, gbogbo wọn á dúró gbagidi. Bó bá wá fi wáyà lásán so ẹnu bátìrì kan mọ́ èkejì, tí kò fi gílóòbù sí i láàárín, iná á sọ lára bátìrì. Ọmọ tó ti rí òpó iná tó ń ta pàrà ládùúgbò á bèèrè pé: “Àǹtí, ṣé bí wáyà bá kanra lórí òpó, ohun tó ń ṣe nìyẹn?” Ẹ má ṣe sọ pé kó jókòó. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ló ń bèèrè yẹn, ìròyìn kò sì tó àfojúbà.

Fóònù kan kò lè tó ọgọ́ta ọmọ, mo mọ̀. Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́. Bí ẹgbẹ́ kan bá wà nídìí fóònù, kí òmíràn máa fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì, wáyà àti gílóòbù kékeré ṣe é lójú ayé, kí àwọn yòókù máa ya ohun tí wọ́n rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà kí wọ́n pààrọ̀. Bí a gúnyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

Kiwix náà wà, tó máa ń gbé odindi Wikipedia sórí fóònù láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ti Yorùbá pẹ̀lú. Ẹ kọ́kọ́ ka ojú ewé tẹ́ ẹ fẹ́ lò, kẹ́ ẹ sì fi wé ìwé kíláàsì, nítorí ẹnikẹ́ni ló lè kọ nǹkan síbẹ̀. Ilé ìwé tó bá ní kọ̀ǹpútà kan lè fi ètò ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ Kolibri sí i, kí àwọn ẹ̀rọ tó wà nítòsí máa gba ẹ̀kọ́ lára rẹ̀.

Ti Khan Academy, tó ń fi fídíò kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gba àlàyé díẹ̀. Salman Khan bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2004 nípa kíkọ́ ọmọ ìbátan rẹ̀ obìnrin kan ní ìṣirò láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀kọ́ náà dára, ṣùgbọ́n dọ́là ló kún inú àpẹẹrẹ rẹ̀, gẹ̀ẹ́sì ló sì ń sọ. Ẹ wò ó fúnra yín, ẹ lóye ọ̀nà tó gbà ṣàlàyé ìdá, kẹ́ ẹ wá fi náírà àti ọ̀pá aṣọ òfì kọ́ ọ lórí pátákó, ní Yorùbá tó yé ọmọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti dán èyí wò láti ọdún 1970: àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò kẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ wọn, títí kan nínú èdè gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà kò pọn dandan kí ọmọ wo fídíò kankan kí íntánẹ́ẹ̀tì tó ràn án lọ́wọ́. Bí tíṣà bá wò ó dáadáa, ó tó.

Ẹ mú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ní sáà yìí, èyí tó máa ń ṣòroó ṣàlàyé fún yín jù. Ẹ ṣe é látòkè délẹ̀ nílé, ẹ gba iná sí fóònù kó kún kí iná tó lọ, kẹ́ ẹ sì ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé ẹ̀kọ́ yín, kó lè jẹ́ pé bí fóònù bá kú, ṣọ́ọ̀kì ò ní kú. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀: àgùnbánirọ̀ tó wà nílé ìwé yín lè mọ fóònù tẹ̀ jù yín lọ, ẹ̀yin lẹ sì mọ ibi tó máa ń rú àwọn ọmọ lójú. Ẹ jókòó tì í. Èyí tẹ́ ẹ bá ti lò tó sì ṣiṣẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí tíṣà ilé ìwé kejì láti fóònù sí fóònù, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ kíláàsì àti ẹ̀kọ́ tó wà fún sára rẹ̀, kó má baà máa wá a kiri.