Ìgbà Wo Lẹ Fọ Aṣọ Bẹ́ẹ̀dì Yín Gbẹ̀yìn?

Ọ̀pọ̀ wa, àfi tí aṣọ bẹ́ẹ̀dì bá yí àwọ̀ padà ká tó fọ̀ ọ́. Àmọ́ ohun tó ń dààmú èèyàn jù níbẹ̀, ojú lásán ò lè rí i.

Awọ tó ti kú máa ń já bọ́ lára wa lórí bẹ́ẹ̀dì. Kòkòrò kan tí kò tó ìdajì mílímítà ló ń jẹ ẹ́. Dermatophagoides là ń pè é nínú sáyẹ́ǹsì. Kì í ṣe ìdun, kì í buni jẹ. Ìgbẹ́ rẹ̀ ni wàhálà: tá a bá fà á símú, ó lè múni sín, ó sì lè ta ikọ́ fée jí. Ó fẹ́ràn ọ̀rinrin, nítorí náà ẹ ṣọ́ra lásìkò òjò.

L'Akobo níbí, omi tútù la sábà fi ń fọṣọ. Ó ń ṣan ìgbẹ́ náà lọ, àmọ́ púpọ̀ nínú kòkòrò náà kì í kú. Omi 60°C ló ń pa wọ́n. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi rèé: mo máa ń bu omi híhó àti omi kànga ní ìwọ̀n kan náà, á sún mọ́ 60°C. Igi ni kẹ́ ẹ fi tẹ aṣọ náà wọlé o, ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́ títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló dáa jù, àpò pílò náà ńkọ́, pàápàá tí oníkọ́ fée bá wà nílé. Kẹ́ ẹ sì sá wọn sóòrùn kí wọ́n gbẹ dáadáa.