Gáùtì: Bí A Ṣe Lè Dá Ìrora Oríkèé Yìí Mọ̀ Yàtọ̀ sí Làkúrègbé

Ní ìlú Jos, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Plateau, òtútù kì í ṣe àlejò. Ìlú náà ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju ìtẹ́jú òkun lọ, nígbà tí ọyẹ́ bá sì dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni oríkèé ara máa ń ro. Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá ṣàdédé wú lóru, òtútù tàbí làkúrègbé ni wọ́n sábà máa ń kà á sí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń gbà pé ẹni náà fẹsẹ̀ tẹ oògùn ni. Àmọ́ ó lè jẹ́ àrùn gáùtì, èyí tó ní ìtọ́jú tirẹ̀ bí a bá tètè dá a mọ̀.

Kí ni gáùtì?

Ásíìdì yúríìkì ló ń fa gáùtì. Ara máa ń ṣe èròjà yìí nígbà tó bá ń fọ́ èròjà pírínì, tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara àti nínú oúnjẹ, sí wẹ́wẹ́. Kíndìnrín ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jáde pẹ̀lú ìtọ̀. Bí kíndìnrín kò bá gbé e jáde tó, tàbí bí ara bá ń ṣe é láṣejù, yóò kóra jọ nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ti kọjá nǹkan bí mílígíráàmù 6.8 nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í dì sínú oríkèé bí iyọ̀, ní ìrísí abẹ́rẹ́ tíntìntín. Òtútù máa ń mú kí dídì yìí yá. Àwọn onímọ̀ rò pé èyí wà lára ohun tó ń mú kí àtàǹpàkò ẹsẹ̀, tó máa ń tutù ju àárín ara lọ, jẹ́ ibi tí àrùn náà sábà máa ń kọ́kọ́ bá jà. Òtútù lè dá kún un, ṣùgbọ́n òtútù nìkan kò lè fa gáùtì.

Àwọn àmì rẹ̀

Ìrora gáùtì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lójijì, pàápàá lóru, yóò sì le dé góńgó láàárín wákàtí 24. Oríkèé náà yóò wú, yóò gbóná, kò sì ní fẹ́ kí aṣọ ìbora pàápàá kàn án. Àwọn ìwé ìṣègùn máa ń sọ pé ibẹ̀ yóò pọ́n, ṣùgbọ́n lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n náà lè má hàn; awọ ibẹ̀ lè kàn dúdú sí i kí ó sì máa dán.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ìrora náà lè lọ fúnra rẹ̀. Ibí yìí ni ẹ̀tàn rẹ̀ wà, nítorí aláìsàn yóò rò pé òun ti gba ìwòsàn. Bí ó bá padà, ó lè mú ọrùn ẹsẹ̀, orúnkún, ìgúnpá tàbí ọrùn ọwọ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kókó líle lè yọ ní etí, ìgúnpá tàbí ìka, oríkèé sì lè bàjẹ́. Ní ti làkúrègbé ọjọ́ ogbó, díẹ̀díẹ̀ ni í máa ń le sí i, kì í ṣe lójijì báyìí.

Àwọn tí ó lè tètè mú

Gáùtì ń mú ọkùnrin ju obìnrin lọ, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ ń pọ̀ sí i fún obìnrin lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ara sísanjù àti àìsàn kíndìnrín máa ń bá a rìn. Ọtí bíà, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín ẹran, àpọ̀jù ẹran àti ohun mímu aládùn máa ń dá kún un. Ẹni tó ń mu bùrùkùtù, ọtí ọkà bàbà tó wọ́pọ̀ ní Plateau, gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tó ń mú ni tọ̀ àti oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ń jẹ́ pyrazinamide náà lè gbé ásíìdì yìí sókè. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn rẹ̀ dúró láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà.

Tẹ́lẹ̀ rí, ọ̀pọ̀ ìwé gbà pé gáùtì ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2000, Mijiyawa àti Oniankitan ṣe àtẹ̀jáde ìwádìí lórí ohun tó ń fa ewu gáùtì fún àwọn aláìsàn ní orílẹ̀-èdè Togo, tí kò jìnnà sí wa.

Bí dókítà ṣe ń dá a mọ̀

Ní ọdún 1848, Alfred Garrod ní London fi hàn pé ásíìdì yúríìkì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní gáùtì. Ní 1961, McCarty àti Hollander ní Amẹ́ríkà fi awò amúǹkantóbi tó ní ìmọ́lẹ̀ àkànṣe rí abẹ́rẹ́ tíntìntín náà nínú omi oríkèé. Títí di òní, fífa omi oríkèé láti yẹ̀ ẹ́ wò báyìí ni ẹ̀rí tó dájú jù lọ.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wúlò, ṣùgbọ́n kò tó láti dá ẹjọ́. Iye ásíìdì náà lè wà ní ìwọ̀n tó yẹ nígbà tí ìrora ń lọ lọ́wọ́, nítorí náà ó yẹ kí a tún un ṣe lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin tí ara bá ti balẹ̀. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ásíìdì rẹ̀ ga ló ní gáùtì. Ẹ́síréè lè má fi nǹkan kan hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àrùn. Irú ẹ̀rọ tí a fi ń wo ọmọ inú oyún lè ràn dókítà lọ́wọ́.

Ìgbà tí kò yẹ kí a dúró

Bí ibà àti òtútù ara bá bá oríkèé wíwú rìn, kí aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ó lè jẹ́ pé kòkòrò àìfojúrí ti wọ inú oríkèé, èyí tó lè bà á jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, tó sì lè gba ẹ̀mí. Àwọn tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù, nítorí ó rọrùn láti ka irú ìrora bẹ́ẹ̀ sí èyí tó ti mọ́ wọn lára.

Ríra àdàlù oògùn ìrora lọ́wọ́ àwọn olóògùn ìgboro léwu, nítorí àwọn kan nínú wọn ń ba kíndìnrín jẹ́, kíndìnrín tí kò dá ṣáṣá sì ń mú gáùtì le sí i. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ní Jos, aláìsàn lè lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ ọn. Wọ́n lè darí rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Jos bí ó bá yẹ. Kí ó kọ ọjọ́ tí ìrora bẹ̀rẹ̀, oríkèé tó mú, ohun tó jẹ tàbí tó mu àti gbogbo oògùn tó ń lò sílẹ̀ kí ó tó lọ. Ìwọ̀nyí ni dókítà yóò kọ́kọ́ béèrè.