Ilẹ̀ Tí A Kò Tíì Kọ́lé Sí, Sàárà Ni Ó Lè Jẹ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ọkùnrin kan nínú àwọn Ànsárì wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Ànábì. Ànábì bi í léèrè ohun tí ó kù ní ilé rẹ̀. Aṣọ kan àti ife ìmumi kan ni. Ànábì ta méjèèjì ní dírhámù 2, ó ní kí ó fi ọ̀kan ra oúnjẹ fún ará ilé rẹ̀, kí ó sì fi èkejì ra àáké. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Ànábì fi ti èèkù bọ àáké náà, ó sì rán an lọ ṣẹ́ igi tà fún ọjọ́ 15. Nígbà tí ó padà dé, ó ti rí dírhámù 10.

Apá kan ṣoṣo nínú ìtàn yìí ni a máa ń dì mú: kí aláìní lọ ṣiṣẹ́. A gbàgbé pé Ànábì wá irinṣẹ́ fún un kí ó tó rán an níṣẹ́. Àwọn opó àti àwọn ọ̀dọ́ tí ń dúró ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí ní ọjọ́ Jímọ̀, ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Ìdó, kì í ṣe apá ni wọn kò ní, ilẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ wà. Láti ọdún 2011 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì wà ní Ìkọ̀lé, àwọn ènìyàn ti ra ilẹ̀ tí agbára wọn kò tíì ká láti kọ́lé sí. Koríko ni ó ń hù níbẹ̀. Ànábì sì kọ́ wa pé ẹni tí ó bá ní ilẹ̀, kí ó dá oko sí i, tàbí kí ó fi í fún arákùnrin rẹ̀.

Ní ọdún 1976, ìjọba Ọbásanjọ́ gbé ètò Operation Feed the Nation jáde, ó sì rọ olúkúlùkù láti gbin oúnjẹ, kódà sí ẹ̀yìnkùlé. Ìpè rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó háyà yàrá kan, ẹ̀yìnkùlé ta ni yóò gbìn sí?

Ilẹ̀ ìkọ́lé kan, bí a bá pín in dáadáa, ó tó obìnrin mẹ́rin. Tẹ̀tẹ̀ lè dé ọjà láàárín oṣù kan. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹ̀fọ́ máa ń wọ́n, nítorí náà kí a wá ilẹ̀ tí kànga wà nítòsí rẹ̀. Omi gọ́tà kò yẹ fún ohun tí ènìyàn yóò jẹ. Ọgbà ni kí a kọ́kọ́ ṣe yí i ká, nítorí ewúrẹ́. (Ẹ̀yin tí ẹ ní ewúrẹ́, ẹ kúkú mọ ara yín.)

Mo mọ ohun tí ń ba onílẹ̀ lẹ́rù: kí aroko má lọ di onílẹ̀. Èmi kò pe èyí ní ahun. Àwọn bàbá wa kì í fẹ́ kí ẹni tí wọ́n yá nílẹ̀ gbin kòkó tàbí obì sí i, nítorí igi a máa di ẹ̀rí. Àkọsílẹ̀ ni ẹ̀sìn wa fi wo àìsàn yìí. Áyà tí ó gùn jùlọ nínú Àlùkùránì, tí ó wà nínú Súrà Bákárà, ọ̀rọ̀ gbèsè àti kíkọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí ni ó dá lé. Kí a kọ ọ́ pé ẹ̀fọ́, ilá àti ata nìkan ni a ó gbìn. Kí a kọ iye ọdún tí a yá a, àti iye oṣù tí onílẹ̀ yóò fi kìlọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ilé.

Àwọn kan bi mí bóyá sàká wà lórí ẹ̀fọ́. Nínú mádhàbì Màlíkì tí a ń tọ̀, kò sí lórí ẹ̀fọ́ tútù. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹran bá jẹ nínú ohun tí Mùsùlùmí gbìn, Ànábì sọ pé sàárà ni fún un.

Akọ̀wé mọ́sálásí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi àlùwàlá títí di ìrun Aláásárì. Kí onílẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ àti àdúgbò tí ilẹ̀ náà wà sí ojú ìwé kìn-ín-ní, kí ẹni tí ń wá ilẹ̀ sì kọ tirẹ̀ sí ojú ìwé kejì.