ÀÀWẸ̀ TÓ ṢÍ ILẸ̀KÙN: Ẹ̀KỌ́ ỌDÚN LÓRÍ ÌRÀNLỌ́WỌ́ FÚN ÌDÍLÉ TÍ KÒ NÍLÉ

Bíbélì kíkà: Isaiah 58:1–12, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 6:1–7, Jákọ́bù 2:14–17.

Kókó ẹ̀kọ́: Ẹni tó bá ń gbàdúrà ilé fún ẹlòmíràn, kó kọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn tirẹ̀.

 

Ìgbìmọ̀ Ọdún ní kí n kọ ẹ̀kọ́ kan sínú ìwé ìrántí yìí. Èmi kì í ṣe wòlíì, n kì í sì í ṣe oníwàásù. Akọ̀wé ni mí, ìwé ni mò ń tọ́jú. Nítorí náà, ohun tí mo bá nínú ìwé ìjọ ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́.

1. ÀÀWẸ̀ WA ÀTI ILẸ̀KÙN WA

Ta ni kò mọ àwa Aládùúrà mọ́ ààwẹ̀? A ń gba ti ọjọ́ 3, a ń gba ti ọjọ́ 7, a ń gba ti ọjọ́ 21, ká tó wá sọ ti Lẹ́ńtì. Àwọn tí Isaiah ń bá wí pàápàá, alààwẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n ń ráhùn pé àwọn ń febi panú, Ọlọ́run kò sì kà á sí. Ìdáhùn tí wọ́n gbà ni pé ààwẹ̀ tó wu Ọlọ́run ni kí wọ́n tú ẹni tí wọ́n ń ni lára sílẹ̀, kí wọ́n pín oúnjẹ fún ẹni tí ebi ń pa, kí wọ́n sì mú òtòṣì tí kò ní ibi tí yóò forí lé wọ ilé wọn. Ẹ kíyè sí i, ará: wòlíì náà kò ní kí wọ́n má gbààwẹ̀ mọ́. Àmọ́ ààwẹ̀ tí kò ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni, ebi lásán ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láàárín wa. Nígbà tí Bàbá Moses Orimolade wọ Èkó ní 1924, àlejò ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì le. Ọkùnrin tó ń tọ́jú Ṣọ́ọ̀ṣì Holy Trinity ní Ebute Ero ló gbà á sọ́dọ̀. Ní ọdún kejì, 1925, ni ẹgbẹ́ Séráfù bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gba àlejò sílé kì í mọ ẹni tí ó gbà.

2. BÍ ÌDÍLÉ ṢE Ń DI ALÁÌNÍLÉ

Àwọn kan rò pé ọ̀lẹ nìkan ni kì í nílé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni mo mọ̀:

(a) Owó ilé. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ baálé ilé tàbí àìsàn dé, lánlọ́ọ̀dù fi owó lé owó, ajẹ́ǹtì tún fẹ́ tirẹ̀, ìwé kúò-nílé sì dé.

(b) Kátakátá ìjọba. Ní July 1990, wọ́n fún àwọn ará Maroko ní Èkó ní ọjọ́ 7 péré, wọ́n sì wó ilé tó tó 300,000 ènìyàn ń gbé. Láàárín November 2016 sí April 2017, wọ́n lé bí 30,000 ènìyàn kúrò ní Otodo Gbame, ìlú àwọn Ègùn apẹja létí ọ̀sà.

(d) Omi àti iná. Ẹ bi àwọn àgbà Ìbàdàn léèrè bí Ògùnpa ṣe ṣe wọ́n ní 31 August 1980, tó gbé ilé, tó gbé ènìyàn.

(e) Opó. Ọkọ kú, wọn kò tíì sìnkú tán, àwọn ẹbí ọkọ ti ń yí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn padà.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọmọ tí kò nílé ńkọ́? Kí la fẹ́ wò?

3. OHUN TÍ MO BÁ NÍNÚ ÌWÉ

Kí n sọ òótọ́, kí n má purọ́ nínú ọdún Olúwa. Ìyá kan wà ní àdúgbò wa, kì í ṣe ọmọ ìjọ. Ó máa ń wá sí ìsìn àárín ọ̀sẹ̀, a sì máa kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ni mo ń kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tẹ̀léra ni ọ̀rọ̀ kan náà wà níwájú orúkọ rẹ̀: “Ilé.” A ó kà á sókè, ìjọ á dáhùn pé “Àmín”, agogo á dún, ó parí.

Nígbà tí ọdún ìjọ ku ọ̀sẹ̀ kan, mo dé ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ kùtù, mo bá obìnrin yìí àti ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn ilé ìsìn, lórí páálí. Ẹrù wọn wà nínú àpò ṣaka. Inú bí mi. Mo ní kí wọ́n palẹ̀ mọ́, pé àlejò ń bọ̀, pé a ti kun ògiri. Obìnrin náà kò jiyàn. Ó ń ká páálí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Ìjọ dé bá wa. Ó bi mí pé, “Akọ̀wé, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ ẹ̀bẹ̀ yẹn? Ta lẹ wá rò pé Ọlọ́run máa rán?” N kò rí èsì fọ̀. Títí di òní, bí mo bá ṣí ìwé ẹ̀bẹ̀, mo máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́jọ́ náà, a kó ẹrù kúrò nínú yàrá tí a ń kó àga sí, wọ́n sì wọ ibẹ̀. Lọ́jọ́ ìpàdé, a ka Ìṣe 6. Nígbà tí ìráhùn dé nípa àwọn opó tí a gbàgbé nínú ìpín oúnjẹ, ẹni méje ni wọ́n yàn. Àwa náà yan méje tí wọ́n fúnra wọn yọ̀ǹda ara wọn: obìnrin mẹ́rin, ọkùnrin mẹ́ta. Tẹlọ̀ wà nínú wọn, tíṣà wà, ìyá elẹ́wà wà. Kò sí olówó nínú wọn.

4. BÍ A ṢE Ń ṢE É

(i) Ẹ bèèrè kí ẹ tó wàásù. Oorun, omi ìwẹ̀, oúnjẹ gbígbóná àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ló ṣáájú. Jákọ́bù ti wí i: kí a kí ẹni tí ebi ń pa kó lọ ní àlàáfíà, kí a má fún un ní nǹkan kan, èrè kí ni?

(ii) Ẹ má ya ìyá àti ọmọ nípa. Obìnrin méjì ni kó máa bojú tó wọn lálẹ́. Ọkùnrin kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ dá lọ síbẹ̀.

(iii) Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa lọ sí ilé ìwé tó ń lọ tẹ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jìnnà. Ọmọ tí ilé ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí tíṣà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún bọ́.

(iv) Ẹ rán àgbà méjì lọ bá onílé kí ọ̀rọ̀ tó dé kóòtù. Òfin ilé yíyá tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 2011 sọ pé, bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, oṣù 6 ni ìwé ìkìlọ̀ fún ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún, oṣù 1 sì ni fún ẹni tó ń san lóṣooṣù. Ó tún ka fífi ipá lé ayálégbé jáde sí ẹ̀ṣẹ̀. Òfin náà yọ Apapa, Ikeja GRA, Ikoyi àti Victoria Island sílẹ̀, nítorí náà ẹ bi agbẹjọ́rò léèrè bí ó ṣe kan àdúgbò yín, àti bóyá nǹkan ti yí padà. Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó máa ń parí ìjà onílé àti ayálégbé lọ́fẹ̀ẹ́.

(v) Bí ẹ bá fẹ́ ran ènìyàn lọ́wọ́ lórí owó ilé, ẹ san án fún onílé, kí ẹ gba rìsíìtì, kí akápò kọ ọ́ sílẹ̀. Owó àánú tí kò ní àkọsílẹ̀, ìjà ni yóò bí.

(vi) Ẹ jókòó pẹ̀lú ìdílé náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: kí ló kàn? Àgbàlá ìjọ kì í ṣe bárékè. Ibi ìsinmi ni, kì í ṣe ibi ìdúró.

(vii) Ẹ má bèèrè ìjọ tí wọ́n ń lọ. Mùsùlùmí ni ìdílé kejì tí a gbà.

5. OHUN TÍ A ṢÌ ṢE

Ọ̀rọ̀ yìí le, ṣùgbọ́n ẹ gbà á lẹ́nu mi. Nígbà tí a gba ìdílé kẹta, ẹnìkan nínú wa ríran lójú ìjọ pé ọwọ́ ìyá ọkọ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ó dárúkọ. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yíjú wò wọ́n. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìdílé náà ti lọ, wọ́n fi ẹní wa sílẹ̀, wọ́n ká a dáadáa. A wá wọn títí, a kò rí wọn. Èmi kò bá ẹ̀mí jiyàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Jésù pàápàá, àwọn kan tí ó wò sàn, ó ní kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ilé ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìtìjú nìkan ló kù tó fi ń bo ara. Ẹ má ṣí i lára rẹ̀.

Ní ti ìyá àkọ́kọ́, oṣù mẹ́rin ló lò. Ìyá elẹ́wà mú un mọ́ra nídìí ẹ̀wà, a fi díẹ̀ kún owó rẹ̀, ó gba yàrá kan. Kò di ọmọ ìjọ wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdílé kejì dé, òun ló kọ́kọ́ gbé omi gbígbóná wá.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ẹ̀bẹ̀ wo ni a ti ń ṣe “Àmín” sí, tí ọwọ́ wa ká?
2. Yàrá wo ló wà nínú ọgbà ìjọ yín tí àga àti ìlù nìkan ń sùn sí?
3. Ta ni ẹni méje tiyín?

Ẹ̀yin àlejò wa, bí ẹ bá padà sílé, ẹ má wulẹ̀ ròyìn ankara wa àti ìlù wa nìkan. Ẹ béèrè yàrá àga wa, a ó mú yín débẹ̀. Ẹní wà ńbẹ̀, nẹ́ẹ̀tì wà ńbẹ̀. Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí á rí àtìpó, kí á máa wo ògiri tí a kùn.

Ẹ kú ọdún o. Àlelúyà!

Èmi ni tiyín nínú ọgbà àjàrà Olúwa,
Akọ̀wé Ìjọ